Ẹ Má Kọ Ọ́ Mọ́ Pé Ẹni Tó Ń Tọ̀ Dáadáa, Kíndìnrín Rẹ̀ Pé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àmọ́ n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi gbé kálàmù lónìí ni gbólóhùn kan tó wà ní ojú ewé ìlera yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ ń gba àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nímọ̀ràn, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú nípa kíndìnrín, pé bí èèyàn bá ṣì ń tọ̀ dáadáa, tí ẹ̀yìn kò sì dùn ún, kíndìnrín rẹ̀ pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pa ìwé ìròyìn náà dé, mo tún ṣí i, bóyá mo ṣì í kà ni. N kò ṣì í kà.

Ọdún 28 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn ni mo ń yẹ̀ wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbólóhùn tí ẹ tẹ̀ jáde yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbára lé fún ọdún 6 gbáko, kò sì gbè wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn bá pé, òjò ìbáà máa rọ̀, wọ́n á lọ. Nọ́ọ̀sì á di aṣọ mọ́ wọn lápá, á fẹ́ ẹ, á kọ nọ́ńbà sínú káàdì. Dókítà á wo nọ́ńbà náà, á kọ oògùn, ó parí. Fún ọdún 6, kò sí ẹnì kankan tó gbé ìgò kékeré lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n lọ tọ̀ sínú rẹ̀ wá. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí pé kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò wọn ńkọ́? Ìtọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí ni mo ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́, n kò sì béèrè tiwọn rí. Ó ń dùn mí di òní olónìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n yà kí mi níbi iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe jókòó, tí wọ́n bọ́ bàtà, mo rí i pé okùn bàtà náà ti há sára ẹsẹ̀ wọn, ojú ibi tó gbà jinlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi okùn di ẹrù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, mo rọra kà dé márùn-ún kí n tó gbé ìka kúrò. Ihò wà níbẹ̀. Kò tètè kún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tọ̀ sínú ìgò yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, kò sóhun tó ṣe ìtọ̀ mi. Mò ń tọ̀ dáadáa, àní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń jí tọ̀ lóru."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ìfófòó bo ojú rẹ̀ bí omi ọṣẹ. Mo gbé ìgò náà kalẹ̀ kí ó rọlẹ̀, kò rọlẹ̀. Mo wá ti ike pẹlẹbẹ tóóró kan bọ̀ ọ́, èyí tí àwa ará láàbù ń pè ní sítíríìpù. Ojú kan wà lára rẹ̀ tí a fi ń mọ purotéènì. Yẹ́lò ni ojú náà kí ó tó kan ìtọ̀, bí kò bá sì sí purotéènì, yẹ́lò náà ni yóò wà. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n kà dé ọgọ́ta tó fi di àwọ̀ ewé, tí àwọ̀ ewé náà sì ń ṣú lọ sí ti aró. Mo gbé e sún mọ́ àwọn àwọ̀ tó wà lára ike rẹ̀ láti fi wọ́n wéra. Àmì mẹ́ta, ìyẹn ni pé purotéènì pọ̀ gan-an. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Olóòtú, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí pọ̀, nítorí ìṣirò ni yóò já gbólóhùn yẹn. Kíndìnrín kò tóbi ju ìkúùkù èèyàn lọ, méjèèjì pọ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wa. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Omi tí àwọn asẹ́ wọ̀nyí ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́ tó nǹkan bíi lítà 180. Àmọ́ lítà kan sí méjì péré là ń tọ̀. Gbogbo ìyókù ni kíndìnrín ń gbà padà sínú ara.

Ó dáa. Bí mẹ́sàn-án bá kú nínú asẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ńkọ́? Èyí tó kù á ṣì máa sẹ́ nǹkan bíi lítà 18 lóòjọ́. Èèyàn á ṣì rí lítà méjì tọ̀ nínú lítà 18. Á tọ̀ títí, á máa dúpẹ́, kíndìnrín rẹ̀ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kódà, kíndìnrín tó ń kú kì í lè fún ìtọ̀ pọ̀ mọ́, ìtọ̀ á wá ṣàn bí omi, ẹni náà á sì máa jí tọ̀ lóru. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń yangàn yẹn gan-an ni kíndìnrín wọn fi ń ké sí wa.

Ti ẹ̀yìn dídùn, kíá ni mo máa sọ ọ́. Inú kíndìnrín kì í gbọ́ ìrora. Awọ tó bò ó lóde ló lè gbọ́ ọ, bí ó bá wú tàbí tí òkúta bá dí ọ̀nà ìtọ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ kì í dun ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn, iṣan ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, oògùn ìrora tí wọ́n sì ń gbé mì lójoojúmọ́ nítorí rẹ̀, irú bí ibuprofen àti diclofenac, lè wá ṣe kíndìnrín tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ léṣe.

Àwọn kan á ní, ṣebí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà. Ó wà lóòótọ́. Creatinine là ń wò, ìdọ̀tí tó ń ti ara iṣan wá, tí kíndìnrín ń kó jáde. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ kíndìnrín lè lọ kí nọ́ńbà náà tó kọjá ààlà tí ìwé èsì pè ní dáadáa. Tí ẹni náà bá tún jẹ́ àgbàlagbà tó ti fà ro, tí iṣan ara rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, creatinine rẹ̀ á kéré, á dà bíi pé ara rẹ̀ le. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ọjọ́ orí àti bóyá ẹni náà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ṣírò rẹ̀ kí a tó sọ iye tí kíndìnrín ń sẹ́. Ìṣirò ọ̀hún pàápàá ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà rí. Èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009 ní Amẹ́ríkà máa ń fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kún ti ẹni tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kíndìnrín rẹ̀ á wá dára lórí ìwé ju bó ṣe wà nínú ara lọ. Ọdún 2021 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo iye ọdún tí ìyẹn fi jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìtọ̀. Asẹ́ tó dára kì í jẹ́ kí albumin, purotéènì tó pọ̀ ju gbogbo purotéènì yòókù lọ nínú omi ẹ̀jẹ̀, kọjá. Bí ojú asẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, albumin á máa jò, jíjò náà sì lè ṣáájú creatinine ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Lọ́dún 1827, dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Bright ní ilé ìwòsàn Guy's ní London tẹ ohun tó rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ jáde. Ó máa ń bu ìtọ̀ àwọn tí ara wọn wú sínú ṣíbí, á gbé e sórí iná àbẹ́là. Ti àwọn kan á dì, á funfun bí ìgbà tí a bá se funfun ẹyin. Nígbà tí àwọn yẹn bá kú, tó bá sì là wọ́n wò, kíndìnrín wọn á ti bàjẹ́. Lọ́dún 1836 ó tún kọ̀wé lórí 100 irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tóbi, ó ti nípọn. Kò sí ẹni tó lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nígbà náà. Aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ wa lápá lónìí, ọdún 1896 ni Riva-Rocci ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú rẹ̀ jáde ní Ítálì. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣáájú aṣọ ìfúnpá ní ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, àmọ́ aṣọ nìkan ni wọ́n ń rántí dì mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lápá.

Kí ló mú kí Bright rí kíndìnrín tó bàjẹ́ àti ọkàn tó nípọn lára ẹnì kan náà? Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tú u. Àwọn onímọ̀ méjì, Tigerstedt àti Bergman, ní Stockholm ní Sweden, lọ kíndìnrín ehoro lọ́dún 1898, wọ́n gún omi rẹ̀ sára ehoro mìíràn, ìfúnpá rẹ̀ ròkè. Wọ́n pe ohun tó wà nínú omi náà ní renin. Lọ́dún 1934, dókítà kan tó ń jẹ́ Goldblatt ní Amẹ́ríkà fún òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín ajá pọ̀ díẹ̀, ajá náà sì di ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Bó ṣe rí nìyẹn: bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín bá kéré, kíndìnrín á rò pé ẹ̀jẹ̀ ara ló ń tán, á tú renin jáde, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, iyọ̀ àti omi á dúró sínú ara, ìfúnpá á lọ sókè. Ìfúnpá tó lọ sókè yẹn á tún máa lu àwọn asẹ́ tó kù. Èyí tó bá kú, àwọn tó kù á gba ẹrù rẹ̀ rù, àwọn náà á tètè kú. Ọkàn tó ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba inú òpó tó fún, òun náà á máa nípọn. Ìgbín ń fà, ìkarahun ń tẹ̀ lé e. N kò mọ bí dókítà ṣe ń tọ́jú ọ̀kan tí kò béèrè èkejì.

Ìfúnpá nìkan kọ́ ló so wọ́n pọ̀. Bí kíndìnrín kò bá lè kó fọ́sífétì, èròjà kan tó ń ti inú oúnjẹ wá, jáde mọ́, kálísíọ̀mù á máa dì sára òpó ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú òpó náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì egungun. Òpó tó yẹ kó máa nà, kó máa sún kì, á le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ á tún gbẹ lára, nítorí kíndìnrín ló ń rán iṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọkàn ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Lọ́dún 2004, ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà: bí iṣẹ́ kíndìnrín ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni ikú àti àrùn ọkàn ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín, tó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dé ìdí ẹ̀rọ náà. Ọkàn á ti mú un lọ kó tó débẹ̀. Ó tún di ọdún 2023 kí American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, tó fún ọkàn, kíndìnrín, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá àpọ̀jù ní orúkọ kan ṣoṣo, kí wọ́n lè máa tọ́jú wọn pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà mìíràn tí mo mú wọn lọ bá fún wọn ní oògùn tó ń dí renin lọ́nà. Ìtàn oògùn yẹn máa ń dùn mọ́ mi. Oró ejò jararaca ti ilẹ̀ Bràsíl ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sérgio Ferreira ń yẹ̀ wò tó fi rí ohun tó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún captopril, èyí tó dé ọjà lọ́dún 1981. Lọ́dún 1993, ìwádìí lórí èèyàn 409 tó ní ìtọ̀ ṣúgà fi hàn pé captopril ń gba kíndìnrín sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó ń mú ìfúnpá wálẹ̀ nìkan. Ó ń tú òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú asẹ́, ipá tó ń ti ojú asẹ́ á wá dínkù.

Ṣùgbọ́n bí ipá bá dínkù nínú asẹ́, ohun tí asẹ́ ń sẹ́ á dínkù díẹ̀ pẹ̀lú. Creatinine á gòkè díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Àwọn ìlànà ìtọ́jú sọ ọ́ kedere pé bí kò bá ti ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí wọ́n má dá oògùn náà dúró, kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ potásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò dé ìdá 20. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àyẹ̀wò náà. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti lọ gba oògùn, òṣìṣẹ́ kan wo ìwé èsì, ó pariwo pé oògùn yìí ń ba kíndìnrín wọn jẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Wọ́n sọ ọ́ nù. Oṣù 4 ni wọn kò fi lò ó kí n tó gbọ́, torí wọn kò fẹ́ kí n bínú. N kò sọ pé oṣù 4 yẹn ló pa wọ́n. Mò ń sọ pé èèyàn kan tó fẹ́ràn wọn, tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ló gba oògùn tó yẹ wọ́n kúrò lẹ́nu wọn, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Irú ohun tó yẹ kí ojú ewé ìlera yín máa kọ nìyẹn.

Oògùn mìíràn tún ti dé tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín gbọ́ orúkọ rẹ̀: dapagliflozin àti empagliflozin. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn jìnnà gan-an. Lọ́dún 1835 wọ́n yọ ohun kan tó korò láti ara èèpo gbòǹgbò igi ápù, wọ́n sì rí i nígbà tó yá pé ó ń mú kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n rí i pé kíndìnrín àti ọkàn ni ó ń ṣe lóore jù. Iyọ̀ tí kíndìnrín kò gbà padà mọ́ ló ń sọ fún asẹ́ pé kí ó dẹwọ́, ipá inú asẹ́ á sì wálẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2020, wọ́n fún èèyàn 2,152 ní dapagliflozin, wọ́n sì fún 2,152 mìíràn ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Láàárín nǹkan bí ọdún 2 àti ààbọ̀, 312 nínú àwọn tí kò rí oògùn gbà ni iṣẹ́ kíndìnrín wọn já wálẹ̀ tó ìdajì, tàbí kíndìnrín wọn kú pátápátá, tàbí kíndìnrín tàbí ọkàn pa wọ́n. Nínú àwọn tó rí oògùn gbà, 197 ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó kópa kò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá. Èèyàn 115 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Mo máa ń ronú nípa wọn, pé wọ́n wà níbì kan, wọ́n ń jí láàárọ̀.

Ṣé ẹ rí i, gbogbo ẹni tó wà nínú ìwádìí yẹn pátá, albumin inú ìtọ̀ wọn wà lára ohun tí wọ́n fi yàn wọ́n. Oògùn wà, ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó yẹ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan ìran wa, n kò sì lè fò ó. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé oríṣi méjì kan lára ẹ̀dá apilẹ̀ (ohun tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí) tí wọ́n ń pè ní APOL1 ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ní in jù, nítorí pé ohun náà gan-an ló ń gba ara lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àrùn oorun. Ohun tó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa ló ń jẹ asẹ́ àwa ọmọ. Ìwádìí kan tó gba èèyàn 8,355 ní Gánà àti Nàìjíríà tún fi hàn pé ẹni tó jogún ẹ̀dà kan ṣoṣo pàápàá, láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá, ewu rẹ̀ ju ti ẹni tí kò ní lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí kó sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kò sóhun tí a lè ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jogún ẹ̀dà méjèèjì ni kíndìnrín wọn kò bàjẹ́ títí tí wọ́n fi kú. Lọ́dún 2023, wọ́n dán oògùn kan tó ń jẹ́ inaxaplin wò lára èèyàn díẹ̀ tó jogún rẹ̀, purotéènì inú ìtọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù dé ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ìwádìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀, n kò tíì lè pè é ní ìwòsàn. Ìtọ̀ náà sì ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n dìde láti lọ tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní mímí ń ṣòro fún àwọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkàn wọn ti dáwọ́ dúró. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ikú òjijì ni. Mo gbọ́, n kò dá wọn lóhùn. Èmi ti rí i nínú ìgò láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀, olóòtú. Ẹ tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ojú á ti rí i. Ẹ sọ fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti àwọn tí òbí tàbí ọmọ ìyá wọn ní àrùn kíndìnrín, pé kí wọ́n máa béèrè àyẹ̀wò albumin inú ìtọ̀ àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n béèrè méjèèjì. Ìtọ̀ àkọ́jí ló dára jù. Sítíríìpù tó yí àwọ̀ ti fi nǹkan hàn, àmọ́ èyí tí kò yí àwọ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀, nítorí albumin díẹ̀díẹ̀ lè sá mọ́ ọn lójú. Èyí tí a ń fi wé creatinine inú ìtọ̀ kan náà ló péye: bí ó bá tó mílígíráàmù 30 fún gíráàmù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún un ṣe kí oṣù 3 tó kọjá, torí pé ibà, eré ìmárale tó pọ̀, nǹkan oṣù obìnrin tàbí kòkòrò inú ìtọ̀ lè gbé e sókè fúngbà díẹ̀. Bí ó bá ṣì ga lẹ́yìn oṣù 3, àrùn kíndìnrín ni, bí wọ́n tilẹ̀ ń tọ̀ bí odò. Bí dókítà bá ní kò pọn dandan, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí rẹ̀. Kí wọ́n má sì dá oògùn kankan dúró nítorí ariwo ẹnikẹ́ni, títí kan ariwo àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dàgbà jù ti pé ọmọ ọdún 34. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù kí n tó dé, ó fi àpò ọwọ́ bo ìgò ìtọ̀ àkọ́jí rẹ̀ torí ojú ń tì í. Kò sí ìfófòó lójú rẹ̀. Mo ti sítíríìpù bọ̀ ọ́, àwa méjèèjì sì tẹ orí wò ó. Yẹ́lò náà kò yí padà. Mo fi ìyókù ṣe àyẹ̀wò albumin, èsì rẹ̀ jẹ́ 11. Mo kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìfúnpá, mo kọ creatinine rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo sì kọ ọjọ́ tó máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan